Pẹ́ńsù àti Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Òbí Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, nítorí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ ní àwòrán yíyà lòun fẹ́ kọ́. Bàbá ní kí ló máa fi jẹun? Òmíràn ní kí ọmọ ju pẹ́ńsù nù, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára, nítorí ibẹ̀ lowó wà. Mo kọ́ méjèèjì ní ìlú yìí, mo sì ń fi méjèèjì kọ́ àwọn ọmọ. Wọn kì í ṣe orogún. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n jọ ènìyàn gan-an. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ló kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ní 1920 ló tó lọ kọ́ ọ sí i ní London. Níhìn-ín ní Zaria, ní 1958, Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀. Òun náà fi ilé sílẹ̀ wá síbí bíi tiwa.

Àwòrán tó jọ ènìyàn kì í ṣe idán. Wíwò ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò kọ́ ọ yóò gbé ojú sí iwájú orí. Bẹ́ẹ̀, láti àtàrí dé àgbọ̀n, àárín gan-an ni ojú wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò na ọwọ́ tó fi mú pẹ́ńsù, yóò di ojú kan, yóò fi pẹ́ńsù wọn orí, yóò sì ka iye orí tó wà nínú gígùn ara: bíi 7 sí 8 ni lára àgbàlagbà. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló kàn. Pẹ́ńsù tí wọ́n kọ H sí le, kì í dúdú púpọ̀. Ti B rọ̀, ó sì dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, funfun ìwé ni a ń fi sílẹ̀. Imú kò ní ìlà. Òjìji ló ń gbé e yọ.

Ìkànnì náà kì í ṣe idán. HTML ni egungun rẹ̀: ó ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. CSS ni aṣọ àti ọ̀ṣọ́: àwọ̀, títóbi lẹ́tà, àyè láàrin nǹkan. Notepad inú kọ̀ǹpútà tó láti kọ méjèèjì, a sì lè ṣí i wò láìná kọ́bọ̀ lórí dátà.

Ibo ni wọ́n ti pàdé? Lójú ni. Ká ní ìyá kan láàrin wa tó ń ta aṣọ òkè fẹ́ ìkànnì. Ọmọ tó kọ́ àwòrán mọ̀ pé lẹ́tà olómi-ọsàn lórí funfun kò ṣeé kà dáadáa, ó mọ ibi tí ojú oníbàárà yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Yóò dín àwòrán kù kó má baà jẹ dátà oníbàárà. Yóò kọ UTF-8 sí orí ojú ìwé, yóò yan lẹ́tà tó gba àmì wa, kí àmì orí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.

Lónìí, ẹ̀rọ ń ya àwòrán, ó sì ń kọ HTML. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ kò lè mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ṣì í. Ìdí nìyẹn tí pẹ́ńsù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Mi ò ṣèlérí pé gbogbo ọmọ tó bá kọ́ ọ ni yóò lówó. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, òfin àti ẹ̀rọ nìkan ló ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà náà gbà níbẹ̀: pẹ́ńsù, ìwé àti kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọn ó jọ máa lò. Kí ẹni tó bá gbà á náà san án padà lọ́nà méjì: kó ṣe ìkànnì fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, kó sì ya àgbà kan. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, mélòó ni a ní àwòrán wọn nínú gbọ̀ngàn yìí? Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ wọ́n?

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Olúwa kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa já sí asán.