Fọ́sífétì inú Ajílẹ̀ Ọgbà: Oúnjẹ Ewéko, Ìyọnu Odò



1. Ìfáàrà

Nọ́ńbà mẹ́ta ni a máa ń tẹ̀ sára àpò ajílẹ̀ òyìnbó. Lára 15-15-15 tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dáadáa, nọ́ńbà kìíní dúró fún náítírójìn, èkejì fún fọ́sífétì, ẹ̀kẹta fún pọ́táàṣì. Orí èkejì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé fọ́sífétì tí ewéko kò nílò kì í ṣègbé. Ilẹ̀ ni í kó o pamọ́, odò ni í sì í jogún rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nítorí náà, ó yẹ kí á wọn ilẹ̀ wò kí á tó fọ́n ajílẹ̀ sí i.

2. Iṣẹ́ fọ́sífétì lára ewéko

Inú òkúta abẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń wa fọ́sífétì. Ní 1842 ni John Bennet Lawes, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń da ásíìdì sí i kí gbòǹgbò lè rí i fà mu. Ewéko kò lè ṣe láìsí i. Òun ní í ràn án lọ́wọ́ láti lo agbára tí ó rí gbà láti ara oòrùn. Òun ní í mú gbòǹgbò ta, tí í sì í mú èso gbó lásìkò. Bí kò bá tó fún àgbàdo, igi rẹ̀ kò ní ga, ewé rẹ̀ a sì máa ní àwọ̀ elésè àlùkò.

Ní ilẹ̀ pupa wa, irin àti alumíníọ̀mù a máa di fọ́sífétì mú ṣinṣin, tí ó fi jẹ́ pé àìtó rẹ̀ ni ó sábà máa ń da àgbẹ̀ láàmú. N kò wá sọ fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá pé kí ó má lo ajílẹ̀. Ẹni tí ó ń fọ́n ọn lọ́dọọdún sórí ilẹ̀ tí ó ti yó ni mo ń bá wí.

Àpọ̀jù fọ́sífétì ní ìyà tirẹ̀. Kì í jẹ́ kí ewéko rí síńkì àti irin lò bí ó ti yẹ, ewé ọ̀dọ́ a sì pọ́n rúsúrúsú láàárín iṣan rẹ̀. Ológbà a rò pé ebi ni, a tún fọ́n ajílẹ̀ sí i. Bákan náà, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan wà nínú ilẹ̀, ìbátan olú, tí í so mọ́ gbòǹgbò, tí í sì í bá a wá oúnjẹ àti omi níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Bí fọ́sífétì bá ti pọ̀ jù, àjọṣe yìí a dínkù.

3. Láti inú ọgbà dé inú odò

Náítírójìn a máa tètè bá omi wọ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fọ́sífétì a máa lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Bí àgbàrá bá gbá erùpẹ̀ lọ, fọ́sífétì a bá a lọ. Èyí tí a sì fọ́n sílẹ̀ nígbà tí òjò ńlá ti ṣú, inú gọ́tà ni í gbà wọ odò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Àpò 15-15-15 tí ó wọn kílò 50 ní fọ́sífétì kílò 7.5 gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á sára àpò. Ojúlówó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìyẹn jẹ́ nǹkan bí kílò 3.3. Nínú adágún, nǹkan bí mílígírámù 0.03 péré nínú lítà omi kan ti tó láti sọ omi di ọlọ́ràá jù. Bí gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àpò kan bá wọ omi, ó tó ba lítà tí ó lé ní mílíọ̀nù 100 jẹ́.

Nígbà náà ni ewé odò wẹ́wẹ́ a gbilẹ̀, tí omi a dà bí ọbẹ̀ ewédú. Bí wọ́n bá kú tí wọ́n rì, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú wọn jẹrà a lo ọ́síjìn inú omi tán, ẹja a sì kú. Ojúoró àti òṣíbàtà tí a fi ń ṣàdúrà pé kí á lékè pẹ̀lú, bí wọ́n bá bo ojú omi pátápátá, lílékè wọn a di ìnira fún ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀.

4. Ẹ̀rí láti òkè òkun

Ní 1973, àwọn onímọ̀ Kánádà fi aṣọ ọ̀rá pín adágún kan ní Ontario, tí wọ́n ń pè ní Adágún 226, sí méjì. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Apá náà ni ewé odò bò. Omi apá kejì kò yí padà.

Ní oṣù kẹjọ 2014, májèlé láti ara irú ewé odò bẹ́ẹ̀ wọ inú omi ẹ̀rọ ìlú Toledo, ní etí Adágún Erie ní Amẹ́ríkà. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, a kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400,000 pé kí wọ́n má mu ún. Bí a tilẹ̀ sè é, májèlé náà kò ní kúrò. Láti inú oko ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú fọ́sífétì náà ti ń wá, ṣùgbọ́n ọgbà ilé kò ṣàìdá tirẹ̀.

Odò Huron wà lára àwọn odò tí ń ṣàn lọ sí Erie. Láti 2007 ni òfin ìlú Ann Arbor, tí odò náà gbà kọjá, ti dín fọ́sífétì inú ajílẹ̀ koríko àyíká ilé kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan wọn omi odò náà lẹ́yìn èyí, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. A kò lè sọ pé òfin nìkan ni ó ṣe é, nítorí wọ́n ń la ará ìlú lọ́yẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, láti 2005, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọ́n fọ́sífétì sí koríko ilé rẹ̀, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ ṣe aláìní in, tàbí bí koríko náà bá jẹ́ tuntun.

5. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn baba wa ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí á yẹ ilẹ̀ wò kí á tó ra àpò. Bí náítírójìn nìkan ni ilẹ̀ ń fẹ́, kí á fún un ní náítírójìn nìkan. Kí á má ṣe fọ́n ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú, kí á sì fi koríko sílẹ̀ ní etí odò kí ó lè gba erùpẹ̀ dúró. Ẹni tí ń lo ìgbẹ́ adìẹ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, nítorí fọ́sífétì pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò jẹ́ ti ológbà nìkan. Báwo ni yóò ṣe wọn ohun tí kò ní òṣùwọ̀n rẹ̀? Ó tọ́ kí àwa tí a ní yàrá ìwádìí ní yunifásítì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un, ní owó tí apá rẹ̀ ká, kí á sì fi èdè tí ó gbọ́ jábọ̀ fún un. Òkúta fọ́sífétì tí a wà kì í tún hù, odò tí ó bàjẹ́ kì í sì í yá títún ṣe.