Pàǹtí Ilé Iṣẹ́, Owó Ni

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìba! Àwa tí à ń gba ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rì mọ òórùn ààtàn Solous ní Ìgàndó. Ilé iṣẹ́ ń sanwó fún PSP kí wọ́n kó páálí, ike àti irin dà nù. Oníbọ́lá ń ṣà wọ́n tà. Ta ló gbọ́n níbẹ̀? Àgbá mẹ́ta péré ni a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, àti ìbọ̀wọ́ fún ẹni tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, kí owó rẹ̀ sì wọ àpò ìrànwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀, bátìrì tó ti kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ ní gáréèjì: òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú máníjà.