Kí Ohùn Iyọ̀ Má Ṣe Tán Nílé Wa
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé oṣù, ẹ̀ka Kánò



Bí ọ̀rọ̀ bá wọ Yorùbá létí, kì í ṣe “ó dùn” nìkan ni ó ń wí. Akọrin tí ohùn rẹ̀ ń fa ènìyàn mọ́ra, olóhùn iyọ̀ ni, nítorí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, bí ẹran tilẹ̀ kún inú rẹ̀, ẹnu kò gbà á. Ohùn tí ó mọ́, tí ń ró bí agogo, ohùn gooro ni. Ẹni tí kò kólòlò, geere ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í jágbe mọ́ oníbàárà, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó ní. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹlẹ́nu dídùn! Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé mọ ìyàtọ̀ náà: zaƙin murya ni adùn ohùn, daɗin baki ni ẹnu dídùn tí a fi ń tan ènìyàn.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni èdè Haúsá ní. Tiwa ní ti àárín pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣì í. Igba ni a ń kà, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, ìgbá ni a ń jẹ, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ.

Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, àwọn àgbà kan a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ojú a tì í. Láti ọjọ́ náà, Haúsá ni yóò fi máa dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá dé ilé, ògbufọ̀ ni yóò dúró láàárín òun àti ìyá bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ní ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan máa pa àlọ́ fún wa. Bí ó bá ṣi ohùn, kí àgbà kan tún un pè jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Bí ó bá pè é re, kí a wí fún un pé olóhùn iyọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.