Ìwé Wo La Ó Kà Ká Tó Lè Tún Ìlú Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa n'Ibogun

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí béèyàn ṣe lè fi ìwé kíkà sọ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú di iṣẹ́ gidi, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ àánú náà ni wọ́n tún ń lọ yunifásítì kọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ omi wa dá màmá lóhùn.

Ẹ rántí ẹ̀rọ omi tí àwa ọ̀dọ́ dáwó jọ gbẹ́. Gbogbo wa la ya fọ́tò níwájú ẹ̀, a gbé e sórí gbogbo gúrúpù WhatsApp. Kò tó oṣù márùn-ún tí Sumo fi jó. A ò ya owó àtúnṣe kankan sọ́tọ̀. A ò yan ẹni tí yóò máa gba owó epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn ìyá tó ń pọn omi gan-an, a ò bi wọ́n léèrè ibi tí ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ká tó gbẹ́ ẹ. Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní kámpọ́ọ̀sì OOU tó wà nílé wa níbí, ojú mi ló ṣe. Mo mọ bí omi ṣe ń gòkè látinú ilẹ̀. Bí aráàlú ṣe ń tọ́jú nǹkan tó jẹ́ ti gbogbo wọn kó má bàa di ti ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí. Ẹ̀yin ìyá wa, ìyẹn ni wọ́n ń lọ yunifásítì kọ́.

Ẹnì kan wà tó ti rin irú ọ̀nà yìí rí, Abẹ́òkúta níbí náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọdún 1923 ni wọ́n bí wọn, Baptist Boys' High School ni wọ́n lọ, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Wọ́n padà wálé, wọ́n ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀, wọ́n tún gba London lọ láti lọ kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ní 1954 tí wọ́n dé Àrò, wọ́n ṣì ń kọ́ ọsibítù yẹn lọ́wọ́. Bàbá ò jókòó de bíríkìlà. Wọ́n bá àwọn abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn sì ń gbé nílé àwọn ará abúlé, mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan sì ń bá wọn wá láti máa gbọ́únjẹ fún wọn. Lójúmọmọ, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, á ṣiṣẹ́ oko díẹ̀, lálẹ́ á padà sáàárín èèyàn. Ará abúlé ń rí owó ilé gbà. Bàbá Lámbò tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ò fẹ́ rí wọn sójú. Ohun tí wọ́n kọ́ ní London kọ́ ló kọ́ wọn pé ìdílé ẹni ń wo èèyàn sàn, ilé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kà ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì di igbá kejì ọ̀gá àgbà WHO ní Geneva.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ìwé, iṣẹ́, ìwé padà, ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ fò látorí digirí bọ́ sórí másítáàsì, láìtíì mọ ìbéèrè tá a fẹ́ kí másítáàsì yẹn dáhùn. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ o.

Ẹni tó bá ní òun ti dàgbà jù, ẹ jẹ́ kó wo Bàbá Ọbásanjọ́ tiwa n'Ibogun. Wọ́n dá NOUN sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Bàbá ló jí i dìde. Lẹ́yìn tí wọ́n gbéjọba sílẹ̀, àwọn fúnra wọn lọ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi, wọ́n ti pé 80 ọdún. Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá tilẹ̀ pín wa sí méjì lórí Bàbá, èyí ò ní àríyànjiyàn.

Nílé níbí, FUNAAB ń kọ́ni ní ìdàgbàsókè ìgbèríko, Ìbàdàn ń kọ́ni ní ìlera àwùjọ. Mi ò ní parọ́ owó oṣù fún yín ṣá. Iṣẹ́ NGO máa ń tẹ́lẹ̀ owó tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID ní 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ lórí owó yẹn ló padà sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kéèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ kan nínú rẹ̀: ẹni tó mọ ìṣirò owó, ẹni tó mọ omi, nọ́ọ̀sì. "Mo fẹ́ràn aráàlú" nìkan ò tó kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́.

Skọ́láṣíìpù wà. Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó másítáàsì ọdún kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ìrírí iṣẹ́ wákàtí 2,800, èèyàn sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì. DAAD ti Jámánì ní èyí tó wà fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè, àwọn náà ń béèrè ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Chevening ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan san owó fún ẹnì kan tó ní òun á bá a "ṣe é", títí dòní fóònù ẹni yẹn ò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wá kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, ẹ̀yin àgbà. Chevening máa ń ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ wákàtí yẹn. Àwa ọ̀dọ́ ń gbálẹ̀ ọjà, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, a ń tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mélòó ló ti bá omi lọ báyìí? Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí Akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ìwé kan: orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́ tá a ṣe, iye wákàtí, kí àgbà kan buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, nínú owó ìrànlọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, kí ẹ ya ti ẹnì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kàwé kún ìwé lórí nǹkan tí ìlú yìí nílò, kí ẹni náà sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́ níbí fún ọdún kan ó kéré tán.

Ẹ̀rọ omi wa ṣì wà níbẹ̀, kò tíì ṣiṣẹ́. Èmi àti ẹni mẹ́ta máa jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń pọn omi ládùúgbò yẹn lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó mú bírò àti ìwé dání, wákàtí àkọ́kọ́ tá a ó kọ sílẹ̀ nìyẹn.