Ọ̀rọ̀ Ìyànjú ní Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Fún Wa Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣòfin?

 

Ọ̀rọ̀ Olóyè Wúràọlá Ẹ̀san la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ wa ló ń béèrè pé ta ni. 1909 ni wọ́n bí wọn, iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n kọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ pé kí lọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, Màmá dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mólété, n'Ìbàdàn níbí, ní 1944.

Wọ́n ṣòṣèlú nínú ẹgbẹ́ Action Group. Ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira, wọ́n wọ ilé aṣòfin àgbà l'Ékòó. Àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó níbẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1975, wọ́n jẹ Ìyálóde Ìbàdàn, wọ́n sì wà lórí oyè títí wọ́n fi papòdà ní 1985.

Ẹ gbọ́ èyí náà: l'Ámẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pariwo, 1993 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Carol Moseley Braun, tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ti fi ọdún 33 ṣáájú rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tìtorí ìyẹn sùn. Àwọn ará Illinois ló dìbò yan Moseley Braun ní 1992. Tiwa ńkọ́? Ará ìlú kọ́ ló ń dìbò yan aṣòfin àgbà nígbà náà, ìjọba ló ń fà wọ́n kalẹ̀. Màmá ṣe gudugudu méje, àmọ́ ẹni tí ìjọba fà kalẹ̀, ìjọba náà ló lè fà á sílẹ̀. Ẹni tí àwa bá dìbò fún, ojú wa ni yóò máa wò.

Lónìí, ìbò wà lọ́wọ́ wa. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ìsọ̀, ilé ìyàgbẹ́ ọjà, ọ̀nà oko tí mọ́tò ń rì sí títí tòmátì fi ń rà, kánsù lọ̀rọ̀ wọn kàn. Obìnrin mélòó ló jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín? Ẹ kà á fúnra yín.

Nítorí náà, ohun méjì la fẹ́ kí ìpàdé yìí fẹnu kò lé lórí. Èkíní, bí wọ́n bá tún gbé ìrẹsì àti àǹkárá wá lásìkò ìbò, ká kọ́kọ́ bi wọ́n pé, obìnrin mélòó lẹ fà kalẹ̀? Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá sì jáde, ká dúró tì í, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó wà. Èkejì, ká má yọ ọmọbìnrin nílé ìwé torí kó lè bá wa kiri ọjà. Bí kò bá kàwé, ta ni yóò lọ jókòó níbẹ̀ fún wa lọ́la?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ajé á bá wa jókòó o. Àṣẹ.