KÍ A TÓ PE ÀLEJÒ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa



Àwọn kan nínú wa ti dábàá pé kí ìlú wa gba àpérò ńlá kan lálejò, níbi tí àwọn onímọ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta páìpù omi, iná òpópó àti ọkọ̀ akólẹ̀ yóò ti pàtẹ iṣẹ́ wọn, tí wọn yóò sì sọ bí ìlú ṣe ń dára. Àbá náà wuyì, a kò sì dìde láti tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlejò yóò wo ọrùn ìlú tí ó pè é wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìlú kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa.

Síńgápọ̀ ni ìlú náà, erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Éṣíà, tí ó di orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀ ní ọdún 1965. Láti ọdún 2008 ni ó ti ń pe àwọn olórí ìlú káàkiri ayé sí àpérò tí a ń pè ní World Cities Summit. Ọdún méjì méjì ni wọ́n máa ń ṣe é, àfi èyí tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí wọ́n sún láti ọdún 2020 di 2021.

Kí ni wọ́n ní láti fi han àlejò? Ní ọdún 1977, odò tí ó la àárín ìlú náà kọjá ń rùn. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀gbin láti inú ilé, àti àjẹkù àwọn olóúnjẹ ojú pópó, inú omi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Lee Kuan Yew, olórí ìjọba wọn, ní kí odò náà mọ́ láàrin ọdún 10. Wọn kò fi mọ sí gbígbọ́n ìdọ̀tí kúrò lójú omi. Wọ́n lọ bá a níbi tí ó ti ń wá. Wọ́n kó ìdílé bí 26,000 kúrò létí omi, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ wọn sínú ilé tí ìjọba kọ́. Wọ́n palẹ̀ oko ẹlẹ́dẹ̀ tí ó lé ní 600 mọ́. Wọ́n kó àwọn oníṣòwò ojú pópó bí 5,000 lọ sí ọjà olórùlé tí ó ní omi ẹ̀rọ àti gọ́tà. Ní ọdún 1987 iṣẹ́ náà parí. Ní ọdún 2008 wọ́n ṣí ìsédò tí wọ́n mọ sí ibi tí odò náà ti ń wọ òkun, omi tí ó ti ń rùn rí sì wá di ara èyí tí ìlú ń mu. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣe àpérò àkọ́kọ́. Láti ọdún 1977 sí 2008, ọdún 31 ni. Iṣẹ́ ṣáájú, ìpè tẹ̀lé e.

A kò ní kí a ṣe ohun gbogbo bíi tiwọn. Òfin ọdún 1966 fún ìjọba wọn ní agbára ńlá láti gba ilẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ṣí nípò ni inú rẹ̀ dùn. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé ni ó ni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni a ó fi ṣe é.

Síbẹ̀, àwa náà mọ ohun tí odò tí a dí lọ́nà lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́sì, ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì bá omi lọ. Ilé tí a kọ́ sí ojú àgbàrá àti pàǹtí tí a dà sínú odò wà lára ohun tí ó fà á.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí owó tí a bá dá lọ sí gọ́tà ọjà àti ojú àgbàrá kí a tó kọ́ gbọ̀ngàn àlejò. Èkejì, kí àwọn ìdílé tí ilẹ̀ wọn wà létí odò jókòó níwájú Kábíyèsí, kí a fi ohùn kan pààlà ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí. Kí a má sì ṣe ṣí ìyá ọlọ́jà kankan nípò títí ìsọ̀ tuntun rẹ̀ yóò fi dúró. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi tí ẹ mọ iṣẹ́ omi àti ti ọ̀nà wá wo ilẹ̀, kí ẹ ya àwòrán iṣẹ́ náà fún wa, kí owó tó tẹ̀lé e.

Nígbà tí gọ́tà bá ń ṣàn, tí ọmọ ilé-ìwé sì lè gba etí odò kọjá láìdi imú, kí a wá kọ ìwé ìpè. Ohun tí a ó fi han àlejò yóò ti wà nílẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe.