Iṣẹ́ Tí A Rán àti Ọjà Tí A Rà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò lónìí kò tóbi tó èyí tí ìjọba ń torí rẹ̀ pe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí kò tètè dé ni, àti ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tuntun tí kò ṣí àgádágodo tí wọ́n tà á mọ́. Síbẹ̀, agbára káká ni a ó fi rí agbolé kan ní Ìjòkú, tàbí ní apá yòówù ní Ṣágámù, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò tíì bà lọ́kàn jẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Ìjòkú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. A kò sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ yóò rí ara yín nínú rẹ̀. Ó ń kọ́ ilé oníyàrá méjì díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù bá ti ń wọlé sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ṣe ìdánwò JAMB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti máa ṣètò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ó sì ń retí lẹ́tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, bàbá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú èrò pé òun yóò ti ibẹ̀ yà sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìṣó, páànù àti irin ìkọ́lé.

Ilé tí olùkọ́ yìí ń gbé kò ní nọ́ńbà. Nítorí náà, inú àpótí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tirẹ̀ ń bọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn ni àdírẹ́sì gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ ni ó ń pín lẹ́tà, òun náà ni ó sì ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kà á. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi nígbà ìsinmi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti rìnrìn àjò, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé tí ó wà lẹ́yìn káńtà ní òun kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn kó lẹ́tà inú àpótí fún ẹni tí kì í ṣe ẹni tí ó ni ín. A kò lè bá a wí, òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Ó ní kí bàbá padà wá.

Nígbà tí lẹ́tà náà yóò fi jáde, òǹtẹ̀ méjì ni ó wà lára rẹ̀: ọ̀kan láti ibi tí ó ti gbéra, ọ̀kan láti ibi tí ó gúnlẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó wà láàárín méjèèjì, fún ọ̀nà Èkó sí Ṣágámù tí kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ. Ìsinmi tún fi ti rẹ̀ kún un. Ọjọ́ tí yunifásítì fi parí ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Ọmọbìnrin náà yóò fi ọdún kan sí i jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó gbà á wọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìsọ̀ onírin, nǹkan mẹ́ta ni olùkọ́ náà fẹ́ rà: páànù bọ́ńdù kan, irin onímìlímítà 12 mẹ́fà, àti ìṣó onínṣì 3 kílò méjì. Ẹ wo bí oríṣiríṣi ìdíwọ̀n ti kún inú gbólóhùn kan. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni òfin ti sọ Nàìjíríà di ilẹ̀ tí ń fi mítà àti kílò díwọ̀n, ṣùgbọ́n pákó àti ìṣó kò tíì gbọ́. Ínṣì ni káfíńtà ń sọ, mìlímítà ni onírin ń kọ, géèjì ni ti páànù. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń dúró láàárín wọn bí àlejò.

Géèjì ni ó kọ́kọ́ mú olùkọ́ wa. Oníṣòwò bi í pé èwo ni ó fẹ́, 28 ni tàbí 32? Olùkọ́ rò ó pé 32 ju 28 lọ, ó ní kí wọ́n gbé 32 fún òun, pàápàá nígbà tí owó rẹ̀ tún kéré. Bẹ́ẹ̀, bí nọ́ńbà géèjì bá ti ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. Oníṣòwò kò purọ́ kankan fún un. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó ṣàlàyé ìyókù.

Ti irin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irọ́ wà níbẹ̀. Irin tí a ń pè ní onímìlímítà 12, bí ó bá pé lóòótọ́, mítà kan rẹ̀ yóò wọ̀n tó nǹkan bí gíráàmù 888. Ọ̀pá kan tí ó gùn ní mítà 12 yóò sì lé ní kílò 10 àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 11 ni wọ́n gbé fún ni, ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àdánù tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí ìbú irin lọ́nà ìbú rẹ̀ ni a fi ń mọ bí irin ti pọ̀ tó nínú ọ̀pá: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121. Ìyẹn ni pé ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún irin tí ó sanwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àtẹ́rígbà ilé ni yóò máa fi èyí tí ó kù gbé ẹrù. SON, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971 láti máa ṣọ́ ìwọ̀n àti ìdára ọjà ní Nàìjíríà, ti ń gbógun ti irú irin bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì tán lọ́jà.

Nígbà tí olùkọ́ náà fẹ́ dá páànù padà, wọ́n nàka sí páálí kan lára ògiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá ti sanwó, kò sí ìdápadà owó mọ́. Ibí yìí gba kí a dúró díẹ̀. Gbogbo ìdúnàádúrà, láti orí ìkíni títí dé orí “ẹ bá wa dín in kù”, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, àní pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ tí ó dùn létí. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ oníbàárà ni wọ́n fi èdè àjèjì kọ. Èdè kan náà ni a fi tẹ fọ́ọ̀mù tí a fi ń wá lẹ́tà tí ó sọnù. Olùkọ́ lè kà á; ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Òfin ààbò oníbàárà tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 ti fún ẹni tí ó ra ọjà alábùkù láṣẹ láti dá a padà, síbẹ̀ irú páálí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ títí di òní.

Kí ni ó wá so lẹ́tà pọ̀ mọ́ páànù? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ní ayé àrokò, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ mọ ìyá àti bàbá ẹni tí ó rán. Bí ìránṣẹ́ bá mú owó ẹyọ mẹ́fà lọ fún ẹnì kan ní ìlú kejì, ó yé ẹni tí ó gbà á: ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Bí ẹyọ kan bá já sọnù lọ́nà, ìtumọ̀ ti dàrú, ìránṣẹ́ sì mọ̀ pé òun ni wọn yóò mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alágbẹ̀dẹ. Ọkọ́ tí ó bá ṣẹ́ lóko, iwájú ẹwìrì tí wọ́n ti rọ ọ́ ni wọ́n ń gbé e padà sí. Alágbẹ̀dẹ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ìsọ̀ onírin mú ojú ènìyàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi àmì rọ́pò rẹ̀: sítáǹpù níhìn-ín, nọ́ńbà géèjì lọ́hùn-ún. Ìtàn sítáǹpù yẹ ní mímọ̀. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, kí ó tó di ọdún 1840, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ni ó sábà ń sanwó rẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá dé, kò sí owó. Ní 1840 ni wọ́n mú sítáǹpù jáde, kí ẹni tí ń kọ̀wé lè máa sanwó ṣáájú. Ó mú kí lẹ́tà kíkọ rọrùn fún tálákà, ohun ńlá sì ni èyí; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni owó ti ń wọlé kí iṣẹ́ tó di jíjẹ́. Ètò yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí Èkó. Wọ́n ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀ ní 1852, sítáǹpù tí ó jẹ́ ti Èkó gan-an sì jáde ní 1874, ọdún kan náà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú Bern. Àkọsílẹ̀ àti alábòójútó ni ó yẹ kí ó wà níbi tí ìbẹ̀rù ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Níbi tí alábòójútó bá ti sùn, owó sítáǹpù kò yàtọ̀ sí owó tẹ́tẹ́.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru akọ̀wé àti oníṣòwò. Oníṣòwò pẹ̀lú ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú lọ, wọ́n sì lè fi 11 tà á ní 12. Ní ọdún 1975, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí ó ru sìmẹ́ǹtì ni ó dúró kalẹ̀ lójú òkun níwájú Èkó, nítorí pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ti rà sílẹ̀ lókè òkun, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí èbúté Àpápá lè gbà lọ fíìfíì. Kì í ṣe onísọ̀ Ṣágámù ni ó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1978, ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti Ṣágámù bẹ̀rẹ̀, lórí òkúta ẹfun tí ó ti wà nílẹ̀ Rẹ́mọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àwọn ará Ìjòkú kò jókòó máa wo iṣẹ́ tí kò lọ déédéé. Awakọ̀ ni wọ́n ń fún ní lẹ́tà àti ẹrù, pàápàá láti ìgbà tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti di lílò ní 1978. Lónìí wéébìlì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á gba nọ́ńbà tẹlifóònù awakọ̀, ẹni tí ń retí á lọ dúró ní ibùdókọ̀. Ojú ènìyàn ti padà sínú ọ̀rọ̀. Ní ti irin àti páànù, bíríkìlà ni wọ́n ń tẹ̀ lé lọ sí ìsọ̀, nítorí ó mọ oníṣòwò. Wọn kì í sì í bi í léèrè iye tí oníṣòwò ń fún un lẹ́yìn.

Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi gbogbo. Ibi tí èrò ń lọ ni awakọ̀ ń lọ. Kò sí awakọ̀ tí yóò torí lẹ́tà ìyá arúgbó kan yà sí abúlé tí èrò kì í lọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà. Iṣẹ́ yìí ni NIPOST jogún nígbà tí wọ́n pín P and T sí méjì ní 1985. Àwọn kan yóò sọ pé tẹlifóònù alágbèéká, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní 2001, ti parí ọ̀rọ̀ náà. Fún ìkíni, ó parí rẹ̀. Ìwé ìgbaniwọlé JAMB pàápàá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí. Bí ó bá jẹ́ lónìí ni, ọmọ olùkọ́ wa kì bá tí pàdánù ọdún kan. Ṣùgbọ́n àgádágodo kò lè gba inú tẹlifóònù kọjá. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ìlu-ihò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ti kó ìyọnu méjèèjì sínú àpò kan: kò rí ọjà kí ó tó sanwó, kò sì mọ ẹni tí yóò gbé e wá.

Ohun kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí olùkọ́ ìṣirò gé irin onímìlímítà 12 ní mítà kan géérégé, kí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú kíláàsì, kí àwọn ọmọ wò ó bí yóò tó gíráàmù 888. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá ní kí ogún ọmọ ní Ìjòkú kọ lẹ́tà sí ogún ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́, kí wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbéra sínú ìwé ńlá kan. Kí àwọn ti Ìkẹ́nnẹ́ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, àti èyí tí kò dé rárá. Lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n da ìwé méjèèjì kọ àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n sì mú un lọ fún ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, ní èdè Yorùbá.